Bí Mo Ṣe Dá Ìjàpá Òkun Padà Fún Ẹni Tó Ni Ín

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo gun ìjàpá láti Àmúwò dé erékùṣù Sáó Tomé. Mo gùn ún lórí agbami, níbi tí ojú kì í ti í rí igi, tí kì í rí òkè, fìlà mi wà lórí mi, omi kò sì ta sí i. Àbùùbùtán kan yọrí láàárín òkun, ó kí mi, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀yin ará Festac tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ìwé kẹrin ni mo kà dé ní Ẹ̀pẹ́ kí bàbá mi tó fà mí kúrò, tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn. Nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ní mo dé, mo dé ibẹ̀. Ìyá Múrí, ìyàwó mi, wà láàyè, ẹ lè lọ bi í. Ó ṣì ń bínú.

Àlejò tó ru rédíò

Etí omi lẹ́yìn Festac, ní ìhà Àmúwò, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja, tí mo sì ń dí èyí tó bá ń jò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn apẹja kan dé láti ojú òkun, wọ́n ń pariwo orúkọ mi láti ọ̀ọ́kán. Àwọ̀n wọn ti kó ìjàpá òkun kan. Kì í ṣe èyí tó máa ń rìn nínú àlọ́ o. Èyí fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní kí n yá àwọn ní àáké. Ìyá Múrí tilẹ̀ ti gbé ìkòkò kaná.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Àpótí kékeré kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan bí oje lẹ̀ mọ́ igbá rẹ̀ pinpin, wáyà kan sì yọ jáde lára àpótí náà bí èríà rédíò. Lápá rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n gún irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, bí ẹni gún yẹtí.

"Bọ́ǹbù ni!" Ọ̀kan nínú àwọn apẹja sá padà sínú omi.

"Bọ́ǹbù wo?" ni èkejì rẹ̀ dáhùn. "Ta ló mọ̀ ọ́ láyé tó máa ju bọ́ǹbù sí ọ?"

Dádì Túndé ló là wá. Kílóòsì kan náà la jọ ń gbé. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹja ló sì wá rà. Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó ka ohun tó wà lára irin.

"Nọ́ńbà ni," ó ní. "Orúkọ ìlú sì tẹ̀ lé e. Sáó Tomé."

"Á jẹ́ pé ó ní ẹni tó ni ín," mo ní.

"Bàbá Múrí, ẹran inú òkun ni. Ta ló ń ni ẹran inú òkun?"

"Dádì, adìẹ tiyín ńkọ́?"

Gbogbo wọn mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ènìyàn bá ra adìẹ ní àdúgbò, á fa aṣọ ya, á so ó mọ́ ọn ní ìyẹ́, kí ará ilé kejì lè mọ̀ pé adìẹ yìí kì í ṣe tòun. Aṣọ pupa ni ìyá Túndé máa ń so mọ́ tiẹ̀. Nígbà tí àkùkọ rẹ̀ kan sọnù lójijì ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n rí ìyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná mi, gbogbo kílóòsì sì dá mi lẹ́bi. Mi ò jẹ ẹ́. Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Alákùkọ, àní àwọn tí kò tíì bímọ nígbà náà ti kọ́ ọmọ wọn.

Ẹ wá ronú. Bí aṣọ pupa ara adìẹ bá lè sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀ láàárín aládùúgbò, irin tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí lára ńkọ́? Kí odindi orílẹ̀-èdè kan máa wá bi mí pé, níbo ni ẹran àwọn wà?

Mo gbé àáké mi sílẹ̀, mo jókòó lé e lórí.

"Ẹnikẹ́ni kò ní pa á," mo ní. "Mo máa dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Ìyá Múrí jáde síta. "Ẹ máa dá a padà síbo? Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dá àwo Àǹtí Ṣadé padà láti ọdún tó kọjá! Omi mi ti hó o."

"Fi ṣe ẹ̀bà."

"Kí n fi kí ni jẹ ẹ̀bà náà?"

Sàmúẹ́lì ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ń gbé ní Alákijà, ó sì ń tọ́jú ẹ́ńjìnì nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan. Ó dúró tì wá, ó ń fi eyín bó ìrèké, ó ní, "Bàbá, Sáó Tomé ni ọkọ̀ wa ń lọ yìí. Mo tiẹ̀ gbọ́ èdè wọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bì sára mi, mo máa jù yín sómi."

Lórí agbami

Mo kan ọpọ́n ńlá kan, mo da omi òkun sí i, a gbé àlejò mi sínú rẹ̀. Mo fi pákó bò ó kí oòrùn má baà pa á. Nítorí wáyà tó yọ lẹ́yìn rẹ̀, mo lu ihò sí pákó náà, mo fa wáyà jáde níbẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni rédíò náà ti ń mí. Ẹ má gbàgbé ihò yìí o, ó ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀.

Ibo wá ni kí n jókòó sí? Kò sí àga nínú ọkọ̀ yẹn tí kò ní ẹni tó ni ín. Orí pákó ni mo jókòó sí. Pákó wà lábẹ́ mi, ìjàpá wà lábẹ́ pákó, gbogbo wa sì ń lọ. Ẹni tó jókòó lórí gàárì, ta ló sọ pé kò gun ẹṣin?

Òkun kò fẹ́ràn mi. Mo bì títí mo fi bi oúnjẹ tí mo jẹ níbi ìsọmọlórúkọ Múrí. Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo ṣí pákó, mo rí i pé omi ń dà lójú ìjàpá náà wẹrẹwẹrẹ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Má sunkún mọ́. Èmi náà ń lọ sí ibi tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ tilẹ̀ ń lọ sílé."

Sàmúẹ́lì gbọ́. "Bàbá, ṣé ó dá yín lóhùn?"

"Ó ní kí o gbájú mọ́ ẹ́ńjìnì ẹ."

Ní ti àbùùbùtán tó kí mi, mo rí i ní tòótọ́. Ó yọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú sókè, ó tu omi sí òfuurufú fùùù. Sàmúẹ́lì ní kò kí ẹnikẹ́ni, mímí ló ń mí. Ta ni Sàmúẹ́lì?

Gbogbo ìlú wà létíkun

Nígbà tí a ó fi rí Sáó Tomé, òkè ni mo kọ́kọ́ rí, tó dúró sójú ọ̀run bí ọmọ odó tí wọ́n gbé nàró, igi tútù bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí èrò. Wọ́n kún etíkun, tọmọdé tàgbà, àwọn kan wọ aṣọ ìsinmi. Mo tún fìlà mi ṣe. Mo ní, "Ìlú yìí mà mọ àlejò kí o!"

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wò wá. Omi ni wọ́n ń wò. Obìnrin kan ló wà níwájú wọn, ó wọ ṣòkòtò, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi awò gígùn sójú, ó ń wo òkun síhìn-ín sọ́hùn-ún. Sàmúẹ́lì bọ́ sílẹ̀ lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó padà, ẹ̀rín ti pa á débi tó fi jókòó sílẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ìjàpá yín ni wọ́n ń dúró dè."

Ó sọ ọ́ fún mi ní kíkún, mo sì ń sọ ọ́ fún yín. Obìnrin náà ń jẹ́ Dónà Lúsíà. Ọmọ erékùṣù náà ni, ó lọ kàwé nípa ẹran inú òkun ní ìlú Potogí, ó sì padà wálé. Òun ló fi àpótí àti irin sára ìjàpá mi. Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá rẹ̀ tó máa ń sọ ibi tí ìjàpá náà wà fún un. Ẹ̀rọ yìí ló wá sọ pé ìjàpá náà ń bọ̀ wálé, tààrà, pẹ̀lú eré tí ìjàpá kankan kò sá rí. Inú rẹ̀ dùn, ó ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn òkè òkun tí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ náà. Àwọn yẹn ti ń múra àtikó ẹ̀rọ wọn lọ, nítorí èyí tó pọ̀ nínú àwọn ìjàpá tó sàmì sí ló wọ òkun, tí kò sẹ́ni tó gbúròó wọn mọ́. Bí wọ́n bá kó o, iṣẹ́ á dúró, àwọn tí ń ṣọ́ ìjàpá létíkun á tú ká, àwọn tí ń fi ọ̀bẹ pa wọ́n á padà, ẹyin àti ìyá á sì wọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa eré tí ìjàpá yìí ń sá, wọ́n ní àwọn ń fò bọ̀ wá wò ó.

Nínú gbogbo èyí la ti gbé ọpọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo yọ fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ìlú, mo sì ṣí pákó.

Dónà Lúsíà wo ìjàpá, ó wo ọkọ̀, ó wo wáyà tó yọ nínú ihò pákó. Ó jókòó sórí iyanrìn. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn kálẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ajá.

Dónà Lúsíà dìde. Ó gbọn iyanrìn nù, ó kúnlẹ̀ ti ìjàpá, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn àti lójú, ó ní ara rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ló wá dì mọ́ mi, ó fi ẹnu kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tún fi kàn mí ní tòsì. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá Ìyá Múrí wà lórí omi níbì kan.

Ẹ̀rọ inú yàrá

Wọ́n fi ìjàpá sínú ọgbà omi kan létíkun kó sinmi. Èmi ní kí wọ́n pe ẹni tó ni ín wá, kí n fi lé e lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí.

Sàmúẹ́lì túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Dónà Lúsíà mi orí. "Kò sẹ́ni tó ni ín, Bàbá."

"Kí lẹ wá so irin mọ́ ọn fún?"

"Kí a lè mọ ibi tó ń lọ. Bí a bá mọ ibi tó ń lọ, a ó mọ àwọn tí a máa bẹ̀ kí wọ́n má pa á."

Níbi tí mo ti wá, a máa ń sàmì sí ẹran kó má baà lọ. Àwọn wọ̀nyí sàmì sí tiwọn, wọ́n ní kó máa lọ.

Ó mú mi wọ yàrá. Ó ní gbogbo ìgbà tí ìjàpá bá yọrí láti mí, àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ á ké sókè. Irin kan tó ń yí ojú ọ̀run ká, tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì, á gbọ́ igbe náà, á sì jù ú sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Mo ní Satellite Town wà nítòsí wa, ọkọ̀ epo ló kún ibẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí pé ó ń gbọ́ràn. Mo tún ní rédíò tèmi ní Festac, àfi kí n gbá a lẹ́yìn kó tó sọ̀rọ̀, ti ìjàpá wá ń bá ẹni tó wà lójú ọ̀run sọ̀rọ̀! Omijé tó ń dà lójú ìjàpá náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún ńkọ́? Iyọ̀ òkun ló ń fi dà nù, ó ní. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú wọn dùn tàbí kò dùn.

Àwòrán òkun wà lára ògiri, tó fi píìnì sàmì sí ibi gbogbo tí ìjàpá náà gbà. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ọ̀mùtí. Lẹ́yìn náà ó wá na tàntàn láti Èkó dé ibí, bí ìlà tí káfíńtà fi okùn fà.

"Ẹ wò ó," Dónà Lúsíà ní, ojú tì í díẹ̀. "Ohun tó rú mi lójú ni pé kò tẹrí bọmi rárá. Gbogbo ìgbà ló ń ké."

Mo wo ilẹ̀. Ihò tí mo lu ni.

Ó fi ìka lé píìnì kan. "Ibí yìí ńkọ́? Ó gun orí ilẹ̀ níbí. Mo ti kọ ọ́ pé ó rí etíkun tuntun tó ń yé ẹyin sí."

Sàmúẹ́lì wo ibẹ̀, ó wò mí. Àmúwò ni. Mo ní, "Sọ fún un pé kò yé ẹyin kankan. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Ibẹ̀ ni Ìyá Múrí ti fẹ́ fi í se ọbẹ̀."

Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Àwọn àlejò rẹ̀ ti wà lójú ọ̀run.

Wá jẹun ni wá jẹun

Ilé Bàbá Mánú ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Àgbà bíi tèmi ni. Ìjàpá ló ń pa tà tẹ́lẹ̀, òun ló wá ń ṣọ́ wọn nísinsìnyí. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó fọwọ́ pè mí. Èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́, mo tẹríba, mo ní, "Á gba ibi ire o." Ó tún pè mí. Mo tún ní á gba ibi ire. Ojú rẹ̀ yí padà, ó gbé àwo wọlé, ebi sì pa mí bí ajá ọlọ́dẹ.

Sàmúẹ́lì ló là mí lóye. "Bàbá, níbí, tí wọ́n bá ní ẹ wá jẹun, wọn ò kí yín o. Oúnjẹ ni wọ́n ń fún yín. Ẹ ti bú u."

Láti ìgbà náà, wọn kì í pè mí tán tí ọwọ́ mi fi ń wọ àwo. Gbẹ̀rẹ̀fútù sísun, tó rọ̀ bí iṣu tuntun. Ẹja tí wọ́n fi epo pupa àti ewé sè. Nígbà tí mo rí epo pupa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé ará ibo ni. Wọn kì í kánjú. "Léfe-léfe," wọ́n máa ń sọ, ìyẹn ni pé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mile 2, ọkọ̀ á ti fi yín sílẹ̀ lójú títì.

Mo bi Bàbá Mánú bóyá ẹran ìjàpá kì í wù ú mọ́. "Ó ń wù mí," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, adùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Mo ti wá mọ ọ̀nà rẹ̀ báyìí."

Àwọn tó fò wá

Àwọn àlejò dé, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, oòrùn ti sọ imú ọ̀kan nínú wọn di tàtàṣé. Mo fa Dónà Lúsíà àti Sàmúẹ́lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Sọ fún un kó fọkàn balẹ̀. A ó gbé ọpọ́n pamọ́. Kó ní ìjàpá náà dá wẹ̀ wá. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní mo wẹ̀ tẹ̀ lé e. Irọ́ pípa, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, Dónà. Mo máa pa á, kò ní jò."

Ó mi orí, ó ní, "Bàbá, bí mo bá purọ́ lé ìjàpá kan, èwo ni wọ́n máa gbà gbọ́ nínú àwọn yòókù?" Ó tọ́ka sí mi. "Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ní kí n se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Mo dúró níwájú wọn. Mo sọ nípa aṣọ pupa ara adìẹ, mo sọ nípa àáké, mo sọ nípa ọpọ́n, mo sì sọ nípa ihò. Sàmúẹ́lì gbé e sí Potogí, Dónà Lúsíà gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onímú-tàtàṣé tilẹ̀ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà obìnrin àárín wọn béèrè pé, ṣé ebi kò pa àwọn apẹja yẹn ni?

"Ebi ń pa wọ́n."

"Kí ni wọ́n wá jẹ?"

"Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí kò ní ẹran. Bí ẹ bá dé Festac, ẹ má bá Ìyá Múrí dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Wọ́n kóra jọ, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Dónà Lúsíà fi ọwọ́ méjèèjì di etí ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ọmọ tó ń dúró de ẹgba. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó yí padà, ó bo ojú rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

"Wọn ò kó ẹ̀rọ lọ mọ́," Sàmúẹ́lì ní. "Obìnrin yẹn ní gbogbo ìgbà yìí, àwọn rò pé ojú ọ̀run nìkan ló ń gbọ́ ohun tí irin yẹn ń sọ. Àṣé ó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Àmúwò, ẹni náà sì gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ṣí ọgbà omi. Ìjàpá náà wọ́ ara rẹ̀ lórí iyanrìn, léfe-léfe, gbogbo wa tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni ń sin ìyàwó. Nígbà tí omi bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ó dúró. Ó yí orí padà, ó wò mí, ó gbé apá rẹ̀ tó ní irin sókè, ó juwọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Ilé

Dónà Lúsíà sin mí dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún bọ́ sí àwọ̀n wa, kí a ka nọ́ńbà ara irin, kí a fi ránṣẹ́ sí òun, kí a sì jẹ́ kó lọ. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ó ní, "ẹ má gbé e wá mọ́."

Ìyá Múrí ló ṣílẹ̀kùn fún mi. "Ẹ mú ẹran bọ̀?"

"Mo mú gbẹ̀rẹ̀fútù."

Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí tó kù. Àwọn ará etí omi kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, wọ́n ní mo farapamọ́ sí Ẹ̀pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọ̀n tún kó òmíràn tó ní irin lápá, wọn ò béèrè àáké. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. "Bàbá, àlejò yín dé o!" Dádì Túndé fi awò sójú, ó da nọ́ńbà kọ, a tì í padà sómi. Ìyá Túndé wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìjàpá tó ń lọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Múrí." Bàbá Múrí ló pè mí o, ẹ gbọ́ ọ dáadáa.

Dónà Lúsíà ti bà mí lẹ́nu jẹ́, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí mo fi kún un. Mo jókòó lórí ìjàpá náà bí mo ṣe sọ ọ́, òtítọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ihò, òtítọ́ ni. Àbùùbùtán kò kí mi. Sàmúẹ́lì ló jàre. Létíkun yẹn, ìjàpá náà kò dúró. Kò yí orí padà, kò sì gbé apá kankan sókè. Ó wọ omi lọ bí ẹni tí kò rí mi rí láyé, nítorí kò sẹ́ni tó ni ín. Èmi ni mo juwọ́.